Nígbà Tí Ìlù Di Ẹ̀kọ́ Yunifásítì

Bí a bá sọ fún ìyá àgbà kan pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti wọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, yóò sì pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá bá òun yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé, “Kí ni ọmọ mi lọ kọ́ níbẹ̀?” tí a sì dá a lóhùn pé, “Ìlù lílù ni, Màmá,” ayọ̀ náà lè dín kù lójú ẹsẹ̀. Yóò ní, “Ṣé nítorí ìlù ni a ṣe ta ilẹ̀? Ṣé àwọn Àyàn tí ó wà nílé kò lè kọ́ ọ ni?”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè ìyá àgbà yìí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ó ní apá méjì. Èkínní ni pé, kí ni ó wà nínú ìlù tí ènìyàn fi lè lo ọdún 4 lórí rẹ̀? Èkejì ni pé, kí ni yunifásítì mọ̀ tí Àyàn kò mọ̀? Méjèèjì ni a ó wò lónìí.

Kí a tó máa bá a lọ, a mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ mọ ohun tí àwọn àáfà wí nípa ìlù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí rẹ̀: àwọn kan fàyè gba dùùfù níbi ìgbéyàwó àti lọ́jọ́ ọdún, wọn kò sì kọjá ibẹ̀, àwọn mìíràn fàyè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ìdájọ́ yẹn ni a jókòó lé lórí nínú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni a ń sọ, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ẹ̀kọ́ náà lè kàn.

BÍ ÌLÙ ṢE WỌ YUNIFÁSÍTÌ

Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn pátápátá ni onílù máa ń jókòó nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá. Àwọn tí ń ta fayolíìnì ni ó máa ń wà níwájú. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ dùùrù rí ilé-ẹ̀kọ́, ó rí ìwé, ó sì rí ìdánwò ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìlù, lọ́pọ̀ ìgbà, àárín àwọn ológun tàbí ilé eré ni ó ti máa ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn kò jìnnà sí bí àwa náà ti ń ṣe é nílé.

Ní ọdún 1933, wọ́n lu orin kan ní New York tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Edgard Varèse, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ti di ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́, Ionisation sì ni orúkọ rẹ̀. Ènìyàn 13 ni ó ń lù ú. Ìlù ńlá, ìlù kékeré, agogo, aro, àti ohun tí ń ké bí ọkọ̀ panápaná ni wọ́n kó jọ. Kò sí fayolíìnì kankan níbẹ̀. Orin náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Nicolas Slonimsky, ẹni tí ó darí rẹ̀, fi ròyìn pé apá àwọn onílù ìgbà náà kò ká a, àti pé àwọn tí ń kọ orin sílẹ̀ ni òun wá kó jọ láti lù ú. Ẹ wo nǹkan! Kì í ṣe pé àwọn onílù wọ̀nyẹn ya ọ̀lẹ. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí ni.

Láàárín 1938 sí 1940, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Cage kó ẹgbẹ́ onílù jọ ní Cornish School, ní ìlú Seattle. Kò rówó ra ìlù olówó ńlá, nítorí náà agolo àti irin búrẹ́kì ọkọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń lù. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí fetí sílẹ̀.

Ọdún 1950 ni ọ̀rọ̀ náà wá fìdí múlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Paul Price, olùkọ́ ní Yunifásítì Illinois, ní ìlú Urbana, mú kí ẹgbẹ́ onílù di ẹ̀kọ́ tí a ń gba máàkì fún, tí a sì ń kà mọ́ dìgírì bí a ti ń ka ìṣirò tàbí ìtàn. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe kékeré. Nígbà tí nǹkan bá ti wọ inú ìwé máàkì, dandan ni kí yunifásítì wá yàrá fún un, kí ó ra ohun-èlò, kí ó san owó oṣù olùkọ́, kí ó sì sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó yege. Àwọn akọrin sílẹ̀ pẹ̀lú rí i pé àwọn tí yóò lu iṣẹ́ àwọn ti wà, wọ́n sì ń kọ tuntun. Ní 1961 ni wọ́n dá Percussive Arts Society sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onílù àti olùkọ́ ìlù, tí ó tàn káàkiri ayé lẹ́yìn náà.

Ìlù fúnra rẹ̀ kò yí padà ní ọdún 1950. Awọ ni awọ, igi ni igi. Ohun tí ó yí padà ni pé àwọn kan gbà pé ìlù ní òfin, ó ní àkàsọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, a sì lè sọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń pariwo.

IBI TÍ ÀWỌN ÌLÙ NÁÀ TI WÁ

Ẹni tí ó bá wọ yàrá ìlù ní irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ lè rò pé ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀, ti Òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo timpani, ìlù ńlá oníkòkò bàbà tí a tẹ́ awọ lé lórí. Àwọn Lárúbáwá ní ìlù méjì kéékèèké oníkòkò tí wọ́n ń pè ní naqqāra. Nígbà ogun tí àwọn ará Yúróòpù lọ jà ní ìlà-oòrùn láyé àtijọ́, wọ́n rí i, wọ́n mú un lọ sílé, orúkọ náà sì di “nakers” lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìlù ńlá oníkòkò tí a ń lù lórí ẹṣin tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ àwọn Tọ́ọ̀kì.

Aro náà ńkọ́, àwo idẹ pẹlẹbẹ tí a ń lù mọ́ ara wọn? Àwọn ọmọ ogun Sọ́ọ́tánì ilẹ̀ Tọ́ọ̀kì ni ó ń lù ú pẹ̀lú ìlù ńlá nígbà tí wọ́n bá ń yan. Ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, àwọn olórin Yúróòpù gbọ́ ìró yìí, ó wọ̀ wọ́n lára, wọ́n sì fi aro àti ìlù ńlá kún ẹgbẹ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ Zildjian, tí òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn onílù gbogbo ayé, ìlú Istanbul ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1623, lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan tí ó jẹ́ ọmọ Àméníà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń rọ aro wọn láti 1929.

Marimba wá ńkọ́, èyí tí a to pákó sí ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ bí eyín dùùrù? Orúkọ rẹ̀ ti inú àwọn èdè Bantu ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ wá. Ó gba Guatemala àti àyíká rẹ̀ kọjá kí ó tó dé ọwọ́ àwọn tí ń ṣe é ní Chicago. Nítorí náà, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jókòó nínú yàrá yẹn, ọgbọ́n Lárúbáwá, ti Tọ́ọ̀kì àti ti Adúláwọ̀ ni ó wà níwájú rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

OHUN TÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ Ń KỌ́ NÍTÒÓTỌ́

Ìlù pẹlẹbẹ kékeré tí ó ní wáyà nísàlẹ̀, èyí tí a ń pè ní snare, ni púpọ̀ nínú wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ìlù 40 ni ó wà tí gbogbo olùkọ́ mọ̀, bí a ti mọ álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan wò. Ọwọ́ ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ọ̀tún. Òsì, ọ̀tún, òsì, òsì. Ẹ dán an wò lórí tábìlì nísinsìnyí. Ó rọrùn bí ẹ bá rọra ṣe é. Ẹ wá mú un yára, kí ìró ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó di ojú kò ní mọ èyí tí ọwọ́ wo lù. Ibẹ̀ ni wàhálà wà! Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣe ìyẹn nìkan.

Timpani ní ìṣòro tirẹ̀. Ohùn orin pàtó ni ìkòkò kọ̀ọ̀kan ń mú jáde, onílù sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin kan nísàlẹ̀ kí awọ lè le tàbí kí ó rọ̀, kí ohùn lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí onígángan wa ń fi apá fún ọ̀sán ṣe lábẹ́ abíyá ni onítimpani ń fi ẹsẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ó ní láti wá ohùn tuntun náà nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń fi ohùn mìíràn kọrin lọ́wọ́. Yóò tẹ orí ba, yóò fi etí súnmọ́ awọ, yóò rọra fi ìka kàn án, yóò sì gbọ́ tirẹ̀ láàárín ariwo. Ẹni tí etí rẹ̀ kò mọ́ kò lè ṣe é.

Marimba ńlá ní pákó 61, ó sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ. Ọ̀pá 4 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń mú, méjì ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ lè dá ṣe tirẹ̀. Ní 1979, Leigh Howard Stevens tẹ ìwé kan jáde lórí bí a ṣe ń di ọ̀pá mẹ́rin mú àti bí ọwọ́ ṣe ń yí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń lò ó títí di òní. Ní àfikún, wọ́n gbọ́dọ̀ lè ka orin sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ ìtàn orin, kí wọ́n sì mọ dùùrù díẹ̀.

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ yóò sì lu ohun tí ó ti kọ́. Kí ó tó gba dìgírì, yóò dá nìkan ṣe eré fún nǹkan bí wákàtí kan níwájú àwùjọ. Nígbà tí ó bá sì ń wá iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ olórin ńlá, wọ́n sábà máa ń ta aṣọ sáàárín òun àti àwọn onídàájọ́, kí wọ́n má baà mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, funfun tàbí dúdú. Ìró ìlù rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ́rìí fún un.

ÀWỌN OLÙKỌ́ TÍ KÒ TI INÚ ÌWÉ WÁ

Apá kejì ìbéèrè ìyá àgbà ni ó kù: kí ni yunifásítì mọ̀ tí Àyàn kò mọ̀? Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà fúnra wọn ti fi ìṣe dáhùn rẹ̀.

Ní 1960, Mantle Hood, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Los Angeles, kọ̀wé pé ẹni tí ó fẹ́ mọ orin ẹ̀yà mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń lù ú pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe kí ó kàn máa kà nípa rẹ̀. Ta ni yóò wá kọ́ wọn? Àwọn ọlọ́wọ́ ìlù láti ilé ni. Ní 1969, Yunifásítì Wesleyan ní Connecticut gba Abraham Adzenyah láti Gánà, ó sì kọ́ni ní ìlù níbẹ̀ títí di 2016. Ẹ ka ọdún yẹn!

Ní 1970, Steve Reich, ọ̀kan nínú àwọn akọrin sílẹ̀ tí ó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Gánà láti jókòó lẹ́sẹ̀ Gideon Alorwoyie, ọmọ Ewe, ọ̀gá onílù. Ọ̀sẹ̀ bíi márùn-ún péré ni ó lò kí ibà tó lé e padà sílé. Ṣùgbọ́n ní 1971 ó parí iṣẹ́ ńlá kan tí ó pè ní Drumming, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlù ń lù káàkiri ayé. Kò kó ìlù Ewe wọ inú rẹ̀. Bongo, marimba àti agogo kéékèèké olóhùn ni ó lò. Ọgbọ́n bí ọwọ́ onílù púpọ̀ ṣe ń wọ inú ara wọn ni ó mú wálé. Alorwoyie fúnra rẹ̀ wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì North Texas.

Ọmọ wa Bàbátúndé Ọlátúnjí, tí a bí ní Àjídò lẹ́bàá Badagry ní 1927, ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Ní 1950 ó wọ Morehouse College ní Atlanta. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba ni ó ní lọ́kàn, kì í ṣe ìlù. Ìlù ni ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Àwo rẹ̀ Drums of Passion tí ó jáde ní 1960 mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà fọwọ́ kan ìlù ilẹ̀ Adúláwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó kú ní 2003. Lónìí, bàtá tí àwọn baba wa gbé dé Kúbà, èyí tí wọ́n ń pe mẹ́ta rẹ̀ ní iyá, itótele àti okónkolo, ń dún nínú yàrá ẹ̀kọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà mélòó kan.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ILÉ WA

Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ọmọ Àyàn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù. Gúdúgúdú tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìlù kéékèèké ni wọn yóò kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́, kí ó kọ́ láti di ìlù tirẹ̀ mú láìṣáko bí àwọn yòókù tilẹ̀ ń ṣe ohun mìíràn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Yóò ti lo ọdún púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ ìyáàlù tó kàn án.

Nígbà tí ó bá sì kàn án, iṣẹ́ mìíràn ni. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn náà ni ìyáàlù sì ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ó ń jẹ́ ohùn kan náà. Nítorí náà, onílù kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo. Oríkì, òwe àti gbólóhùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń lò, kí a má baà ṣì í gbọ́. Ẹni tí kò mọ oríkì ìdílé kò lè lu ìyáàlù fún wọn, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ yá bí mànàmáná. Ìyẹn ni ohun tí ọdún mẹ́rin ní yunifásítì kò lè fún ọmọ Òyìnbó.

Síbẹ̀, yunifásítì ní ohun tí agbo ilé kò ní: ìwé. Akin Euba, ọmọ Èkó, tí a bí ní 1935, kọ iṣẹ́ dókítà rẹ̀ lórí dùndún ní Yunifásítì Gánà ní Legon ní 1974. Ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1990. Ó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti Èkó, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà kí ó tó kú ní 2020. Mùráínà Oyèlámì ti Ìràgbìjí, ayàwòrán àti onílù tí ó ti bá Dúró Ládiípọ̀ ṣeré, gba ọ̀nà mìíràn. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì ṣe àmì tuntun tí a lè fi kọ ìlù wa sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí dùndún jáde ní 1989, ti bàtá sì jáde ní 1991, láti Bayreuth ní Jámánì. Onílù ni, òǹkọ̀wé ni. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ mú èkejì.

Ọ̀rọ̀ wa gan-an nìyí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ onílù ni ó ń sá fún ìlù bàbá wọn nítorí pé wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ alágbe. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wọ̀nyí sì jẹ́ Mùsùlùmí bí tiwa, a mọ̀ wọ́n, a jọ ń lọ sí ibi ìsìnkú àti ìkómọ. Bí bàbá náà bá kú láìkọ́ ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀, oríkì tí ó wà ní orí ọwọ́ rẹ̀ bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹlòmíràn ní òkè òkun ń san owó ńlá láti kọ́ ìlù, wọ́n sì ń fi aṣọ oyè wọ̀ ọ́ ní ìparí rẹ̀.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ FETÍ SÍLẸ̀

A kò sọ pé kí gbogbo ọmọ lọ kọ́ ìlù. Iṣẹ́ inú ẹgbẹ́ olórin ńlá kò pọ̀: onítimpani kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ kan sábà máa ń ní, ẹni tí ó bá sì dé ibẹ̀ lè jókòó síbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó gba dìgírì yìí ni ó ń ṣe olùkọ́. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ ẹ, ẹ má lù ú, ẹ má sì kàn gbà fún un. Ẹ bi í bóyá ó lè ka orin sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ohun tí àwọn tí ó ti jáde níbẹ̀ ń ṣe jẹun. Ẹ béèrè bóyá ó lè gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ mọ́ ọn.

Ẹ sì ṣọ́ etí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà sọ pé ariwo tí ó bá tó díwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́ lè ba etí jẹ́, bí ó bá sì ti ń ròkè ni àkókò náà ń kúrú. Ìlù nínú yàrá kékeré tètè ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun ìdètí kò wọ́n. Etí tí ó bá bàjẹ́ kì í sì í padà. Ìlù tí ó bá dún àdúnjù kì í pẹ́ ya, bẹ́ẹ̀ náà ni ti etí.

Ẹ̀yin Àyàn, ẹ fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gba gúdúgúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ka ìwé láàárọ̀, kí ó lu ìlù nírọ̀lẹ́, kí ó sì máa kọ oríkì tí ẹ bá ń lù sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ipò ní àwọn yunifásítì wa, ẹ fún bàbá onílù ní àga nínú kíláàsì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní dìgírì. Ẹ fún un ní owó tí ó tọ́ sí i. Wesleyan àti North Texas ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Gánà, wọn kò sì kábàámọ̀. Ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lù àti ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ, kí a so wọ́n pọ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lù ṣì wà láàyè.